Àyè Tó Wà Láàárín: Ìwé Kékeré Lórí Ẹ̀gẹ́ Akínmọ̀ọ́rìn àti Ibùgbé Àwọn Ẹ́ńsáìmù Inú Rẹ̀

Nínú iṣẹ́ tó bá ní ju ìgbésẹ̀ kan lọ, tí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe parí jẹ́ ohun tí ẹnì kejì yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ibi tí oníkálùkù jókòó sí lè yí èrè iṣẹ́ náà padà. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni wọn kì í sọ dáadáa. Wọ́n ní bí òṣìṣẹ́ méjì bá sún mọ́ ara wọn, iṣẹ́ á yá, ó parí. Ìwé kékeré yìí tako ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìsúnmọ́ra lásán kì í sáábà mú iṣẹ́ yá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àyè ń ṣe gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹrù tó wà lójú ọ̀nà, èyí tí ẹni àkọ́kọ́ ti gbé sílẹ̀ tí ẹnì kejì kò tíì gbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń sọ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n, àwọn purotéènì tó ń mú kí ohun kan di òmíràn kíákíá láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn tán nídìí iṣẹ́. Ibi tí a ó ti wò wọ́n ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń hú ní Akínmọ̀ọ́rìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afíjìó, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ a máa ka agbègbè yìí sí ilé èso, nítorí ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń tò sẹ́bàá títì ní Fìdítì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èso ní ìgbà tirẹ̀, ẹ̀gẹ́ kò ní. Bí a ṣe ń hú u ní ẹ̀ẹ̀rùn náà là ń hú u ní òjò. Kò sì sí oúnjẹ mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tí a ń jẹ lójoojúmọ́ tí ibùgbé ẹ́ńsáìmù fi ìyàtọ̀ sáàárín oúnjẹ àti májèlé bí ó ṣe fi í sínú ẹ̀gẹ́. Ìdí tí a fi mú un nìyẹn.

Nípa àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn

Ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà lódindi nínú ebè kò ní sáyánáídì tó dá dúró tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ohun tó ní ni linamarin, tí í ṣe ṣúgà tí a so mọ́ èròjà kan tí sáyánáídì sá pamọ́ sí. Inú àpò omi tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ni linamarin ń gbé. Ẹ́ńsáìmù tó lè gé e, linamarase, ń gbé lóde, lára ògiri sẹ́ẹ̀lì àti nínú àwọn ọ̀nà tí oje funfun ẹ̀gẹ́ ń gbà. Awọ tín-ín-rín ló pín wọn níyà. Títí di ìgbà tí ọ̀bẹ, eyín òkété tàbí ẹ̀rọ bá fà á ya, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé pọ̀ fún oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfojú kan ara wọn.

Bí awọ bá ya, ìgbésẹ̀ méjì ló tẹ̀lé e. Ní àkọ́kọ́, linamarase á gé ṣúgà kúrò, ohun tó kù á di acetone cyanohydrin. Orúkọ rẹ̀ gùn, nítorí náà ohun àárín ni a ó máa pè é. Ní ìkejì, ohun àárín á pín sí acetone àti hydrogen cyanide. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni oró gan-an. Ìwọ̀n ooru 26°C ló ti ń hó di afẹ́fẹ́, ọ̀sán Akínmọ̀ọ́rìn sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ kejì ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀, hydroxynitrile lyase. Àmọ́ bí ẹ́ńsáìmù náà kò bá sí, ohun àárín ṣì lè pín fúnra rẹ̀, bí ibẹ̀ kò bá ti kan jù, tí ó sì gbóná díẹ̀. Bí pH bá sọ̀kalẹ̀ ju 5 lọ, ìyẹn bí ibẹ̀ bá kan, á jókòó pa.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ tí Richard Sayre kó jọ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ́ńsáìmù kejì yìí pọ̀ nínú ewé ẹ̀gẹ́ ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú gbòǹgbò. Ó yẹ kí á dúró lórí èyí díẹ̀. Nínú ewé, òṣìṣẹ́ méjèèjì wà nítòsí, iṣẹ́ a sì parí kíákíá. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ tó jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní àjẹyó fi lè ṣubú kí olówó rẹ̀ tó mọ̀ pé ó ti wọ oko. Nínú gbòǹgbò, òṣìṣẹ́ kan ló wà fún iṣẹ́ ẹni méjì. Ohun àárín á kó jọ, kò ní rí ẹni gbà á. Gbogbo làálàá tí àwọn ìyá tó ń yan gààrí ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, nítorí ohun àárín yìí ni.

Nípa ìrìn, àti àkókò tó ń gbà

Kò sí ẹni tó ń gbé linamarin lọ bá linamarase. Á rìn fúnra rẹ̀ nínú omi, ìrìn tí kò ní ìlà, bíi ti gbogbo ohun kéékèèké tó wà nínú omi. Albert Einstein ṣe ìṣirò ìrìn yìí ní 1905. Òfin rẹ̀ ni pé bí ọ̀nà bá fi ìlọ́po méjì gùn sí i, àkókò ìrìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi òfin yìí sọ́kàn ti ní ìdajì ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi iye sí i. Fún ohun tó tóbi tó linamarin nínú omi lásán, láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńsáìmù kan dé ọ̀dọ̀ èkejì tó fara tì í, ní nǹkan bíi 10 nánómítà, ìrìn kò gbà ju ìdá kan nínú ọgbọ̀n mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Láti etí sẹ́ẹ̀lì kan dé etí kejì, bí ó bá fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3. Mìlímítà kan á gba bí ìṣẹ́jú 5 ààbọ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan á gba wákàtí 9 ó lé díẹ̀. Nínú ẹran-ara ẹ̀gẹ́, níbi tí ògiri àti awọ ti ń dí ọ̀nà, ó tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi èyí wé àkókò iṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù àárín wọn, èyí tí kò yára jù tí kò sì lọ́ra jù, ń ṣe nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí túmọ̀ sí pé ó ń lo ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá nídìí ẹrù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹrù náà lo ìdá kan nínú ọgbọ̀n mílíọ̀nù láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sún àwọn méjèèjì mọ́ ara wọn sí i ti gbà lọ́wọ́ ìrìn ohun tí ìrìn kò ní.

Níhìn-ín ni ẹnì kan lè ti takò wá, pé wọ́n ti so ẹ́ńsáìmù méjì pọ̀ rí, iṣẹ́ sì yá. Lóòótọ́ ni. Glucose oxidase àti horseradish peroxidase ni wọ́n sábà máa ń fi dánrawò. Wọ́n á gbé wọn lé orí DNA, wọ́n á sún wọn mọ́ ara wọn, iye iṣẹ́ á sì gòkè. Fún ọdún díẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ìsúnmọ́ra ló fà á. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Zhang, Tsitkov àti Hess fi ìwádìí ti wọn hàn nínú ìwé Nature Communications pé kò rí bẹ́ẹ̀: DNA fúnra rẹ̀ ló yí ìwọ̀n kíkan omi tó yí ẹ́ńsáìmù ká padà. Àyíká ló dára sí i. Ìtòsí kò fi nǹkan kan kún un. A ka iṣẹ́ yìí sí ọ̀kan nínú àwọn tó níyì jù nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ó gba ìdí tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn kúrò, ó sì fi òtítọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ hàn kedere ní ibùdó gààrí. Ká ní àwọn ìyá gbé agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà wá sẹ́bàá ibi tí àpò ẹ̀gẹ́ wà lábẹ́ jáàkì tó ń fún omi rẹ̀ jáde. Ìrìn tó ń gba ìṣẹ́jú méjì di ìṣísẹ̀ méjì. Ṣé gààrí á pọ̀ sí i lópin ọ̀sẹ̀? Rárá. Abẹ́ jáàkì gba ọjọ́ mẹ́ta, agbada sì ń dúró de abẹ́ jáàkì. Àpò tó jáde lónìí náà ni wọn á yan lónìí, ibi yòówù kí agbada wà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan, kí iṣẹ́ tó gún régé, ni ìtòsí lè fi ìṣẹ́jú méjì yá ènìyàn. Ṣùgbọ́n ká ní ewúrẹ́ ń dọdẹ ẹni tó ń ru abọ́ kọjá, tí ó sì ń jẹ níbẹ̀ nígbàkúùgbà. Nígbà náà ni ibi tí agbada wà á di ọ̀rọ̀ pàtàkì, tí a ó sì rí èrè ìtòsí nínú ìwọ̀n gààrí.

Nípa ohun àárín

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ohun àárín kan lè wà tí kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́, tí kì í bàjẹ́, tí kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Fún irú rẹ̀, àyè kò já mọ́ nǹkan kan. Òmíràn wà tó máa ń jò lọ, tó máa ń yára bàjẹ́, tí ẹ́ńsáìmù mìíràn ń jí, tàbí tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bí i. Nítorí irú èyí ni ohun alààyè fi ń to ẹ́ńsáìmù.

Onímọ̀ kan, Paul Srere, ló fún irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ní 1985: metabolon. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1988, àwọn tó ya àwòrán ẹ́ńsáìmù tryptophan synthase rí ihò tóóró kan nínú rẹ̀, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 2.5 nánómítà, tó jáde láti ibi iṣẹ́ kìíní bọ́ sí ibi iṣẹ́ kejì. Indole, tí í ṣe ohun àárín níbẹ̀, kò fojú kan ìta rárá. Kì í ṣe torí kí ó lè yára dé ni ihò náà fi wà. Torí kí ó má baà jò jáde láti ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni. Ní 2014, onímọ̀ Castellana àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìṣirò kan tó wúlò: ẹ́ńsáìmù méjì péré tó fara ti ara wọn kò lè gba ohun àárín mú, nítorí pé bí ó bá yọ bọ́ lọ́wọ́ èkejì lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn bá gbá jọ sójú kan, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan á bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Nínú ọ̀rọ̀ àyè, méjì kò pé láti jẹ́ àwùjọ.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ọkà bàbà. Òun náà ní oró tirẹ̀, dhurrin, ìdí sì nìyí tí darandaran kò fi ń jẹ́ kí màlúù jẹ ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Láti ara tyrosine ló ti ń kọ́ ọ, ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn ohun tó wà láàárín ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sì lè pa ọkà bàbà fúnra rẹ̀ lára. Ní 2016, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Copenhagen, níbi tí Birger Lindberg Møller ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, fi hàn nínú ìwé Science pé àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń kọ́ dhurrin ń gbá jọ sórí awọ kan náà, wọ́n ń ṣe bí ìdílé kan, ohun àárín kì í sì í ráyè jáde. Bí dhurrin bá wá pé tán, ọkà bàbà á yí ọgbọ́n padà. Á tọ́jú dhurrin sí sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ewé, á fi ẹ́ńsáìmù tó lè tú u sí sẹ́ẹ̀lì inú lọ́hùn-ún. Ohun ọ̀gbìn kan náà lo ìtòsí láti kọ́ oró, ó lo ọ̀nà jíjìn láti tọ́jú rẹ̀. Kò sí àṣà kan ṣoṣo tí a lè fi gbogbo rẹ̀ jọ; ohun àárín ni ọkà bàbà ń wò kó tó yan ibùgbé fún ẹnikẹ́ni.

Nípa ẹ̀rọ, àpò àti agbada

A padà sí Akínmọ̀ọ́rìn. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe gààrí ni àyè wà nísinsìnyí. Ẹ̀gẹ́ kò láṣẹ mọ́.

Rírin ni iṣẹ́ tó tóbi jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gba àkókò tó kéré jù. Ìyá tó ń gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó sẹ́nu ẹ̀rọ ń ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń fa awọ sẹ́ẹ̀lì ya, ó sì ń gé ọ̀nà kúrú. Bí kókó ẹ̀gẹ́ kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan tí a sì rin ín di hóró tó jẹ́ mìlímítà kan, òfin 1905 sọ pé àkókò ìrìn ti di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni linamarin fi ń tán kíákíá. Ìwádìí lórí ṣíṣe gààrí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, rí i pé láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rírin, linamarase inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti lè gé ohun tó ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún linamarin lọ.

Wákàtí mẹ́ta! Kí wá ni ọjọ́ mẹ́ta abẹ́ jáàkì ń ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kíkan ló ń pa oró. A kò gbà. Kíkan fún gààrí ní adùn, ó sì ń jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. A mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gẹ́ bá ti kan dé pH 4, ohun àárín kò ní lè pín mọ́ fúnra rẹ̀. Kíkan ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìgbésẹ̀ kejì, gbòǹgbò kò sì ní ẹ́ńsáìmù tí yóò ṣí i. Ohun tó ń gba ènìyàn là lábẹ́ jáàkì ni omi tó ń jáde, nítorí ohun àárín àti linamarin tó ṣẹ́kù ń bá omi lọ. Èyí tí omi kò gbé lọ, agbada ni yóò lé e, pẹ̀lú iná àti igbá tí ìyá fi ń yí i láìsinmi. Ẹni tó bá dín ọjọ́ kù tó sì fún un dáadáa, tó yan án dáadáa, kò ṣe ibi tó ẹni tó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tó sì yan án ní ààbọ̀.

Láfún gba ọ̀nà mìíràn. A kì í rin ín. Omi ni a ń rẹ ẹ́ sí, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á sì máa tú ògiri sẹ́ẹ̀lì ká títí ẹ̀gẹ́ á fi rọ̀. Àwọn ni ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé kánjú rẹ̀: ẹ̀gẹ́ tí kò tíì rọ̀ dé inú ṣì ní awọ tí kò ya, oró sì ṣì wà lẹ́yìn awọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni a ń sọ. Ní 1968, Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ sínú ìwé Brain nípa àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ máa gbọ̀n, kí ojú àti etí sì máa kú, láàárín àwọn tí ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ wọn kan ṣoṣo. Ó sì tọ́ka sí sáyánáídì. Àwọn tó tẹ̀ lé e ṣì ń jiyàn lórí bóyá òun nìkan ló fà á. Iyàn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí àìsàn konzo, tó ń sọ ọmọdé di arọ ní Mòsáḿbíìkì àti Kóńgò nígbà ọ̀dá, bí ebi bá mú kí wọ́n gé ọjọ́ ṣíṣe ẹ̀gẹ́ kúrú. Howard Bradbury láti Ọsirélíà fún wọn ní ọgbọ́n kan tó bá ẹ̀kọ́ wa mu pátápátá: kí wọ́n fi omi po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ lábẹ́ òjìji fún wákàtí 5. Omi á mú ẹ́ńsáìmù àti ohun tó ń gé pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i, pípẹrẹsẹ á sì jẹ́ kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kúrú. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ìwọ̀n sáyánáídì tí Codex, òfin oúnjẹ ti àgbáyé, gbà fún gààrí ni 2 mìlígíráàmù nínú kílò kan; ti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ jẹ́ 10.

Ní 2004, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Sayre kan náà gbìyànjú láti tún ibùgbé náà ṣe láti inú wá. Wọ́n fi ẹ́ńsáìmù kejì sínú gbòǹgbò ẹ̀gẹ́, kí ẹni tó ń gba ohun àárín lè wà níbẹ̀ nígbà tí awọ bá ya. Oró yára jáde nínú rẹ̀ ju ti ẹ̀gẹ́ lásán lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò so ẹ́ńsáìmù méjèèjì pọ̀. Wíwà rẹ̀ nítòsí tó.

Ó ku ọ̀ràn asẹ́. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún dé agbada, wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí gààrí lè kúnná. Èyí tó kù lójú asẹ́ ni okùn àárín ẹ̀gẹ́ àti àwọn kókó tí eyín ẹ̀rọ kò bá. Bí eyín ẹ̀rọ bá ti jẹ tán, kókó á pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo ohun tí a ti sọ, inú kókó yìí ni awọ tí kò ya pọ̀ sí jù nínú gbogbo àpò náà, òun náà sì ni ọ̀nà rẹ̀ gùn jù. Asẹ́ tí wọ́n ń lò nítorí kúnná ti ṣa ibi tí linamarin ṣẹ́kù sí jáde, ó sì ti kó o jọ sójú kan. Ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń bu fún ewúrẹ́. A rọ ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ ní Akínmọ̀ọ́rìn kí ó dá kókó wọ̀nyí padà sẹ́nu ẹ̀rọ, tàbí kí ó gún wọn kí ó sì sá wọn pẹrẹsẹ sí oòrùn títí wọn á fi gbẹ, kí ewúrẹ́ tó fẹnu kàn wọ́n. Kí ó sì yí páànù eyín ẹ̀rọ padà nígbà tí ohun tó ń kù lójú asẹ́ bá ti ń pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.